Líǹkì Kẹtàdínlógún

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò, mà," ni Tolúwani wí, ó sì ti fóònù rẹ̀ sọ́dọ̀ mi lórí tábìlì.

Mo tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ aláwọ̀ aró kan ni, láàárín ojú ewé kan tí òun fúnra rẹ̀ kọ: *Bí ojú ọmọ yín bá pọ́n bí ìyeyè, ẹ tẹ ibí yìí kí ẹ ka ohun tí àwọn dókítà ọmọdé sọ.* Fóònù náà dúró díẹ̀, ojú ewé mìíràn sì ṣí. Kò sí dókítà kankan níbẹ̀. Àwòrán ìgò kékeré kan ni mo rí, àti ọ̀rọ̀ gàdàgbà lábẹ́ rẹ̀: *Ẹ má gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn. Ẹ kán òróró yìí sí i lẹ́nu fún ọjọ́ méje. Ojú rẹ̀ á mọ́.*

"Ọjọ́ mélòó ni ìyá ọmọ tí o wí yẹn fi kán an?"

"Ọjọ́ mẹ́rin, mà. Lọ́jọ́ karùn-ún, ọmọ ò lè fa ọmú mọ́."

Orúkọ mi ni Waliyat Ògúnbọ̀dé. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo lò nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá, ẹ̀ka tó ń wádìí ìwé ayédèrú ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀: ìwé ilẹ̀, ìwé ẹ̀rí, lẹ́tà tí òkú fọwọ́ sí. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo gba yàrá kan lókè ilé ìtajà oògùn kan ní Badore, l'Ájáh, mo gbé tábìlì kan àti àga mẹ́ta sí i. Mi ò gbọ́n nídìí kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n tí irọ́ bá wà nínú ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀, ara mi máa ń fura.

Agbẹ̀bí ni Tolúwani Ọlábùnmí, ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ní Lakowe. Ọdún márùn-ún sẹ́yìn ló ṣí ojú òpó kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó pè ní Ìtọ́jú Ìkókó, lédè Yorùbá, fún àwọn ìyá tí kò lè sáré bá nọ́ọ̀sì nígbàkigbà. Ó ní tẹ́lẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ọ̀rọ̀ ìkókó lédè Yorùbá lọ́wọ́ Google, tòun ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Láti bí oṣù méjì ló ti ń lọ sílẹ̀. Ní báyìí, ẹni tó bá ń wá a á dé ojú ewé kẹfà kó tó rí i.

"Ta lo rò pé ó ṣe é?"

"Hakeem ni, mà. Òun ló ń bá mi tọ́jú ojú òpó náà fún ọdún mẹ́rin. A jà nínú oṣù kìíní, ó bínú lọ. Mi ò yí páswọ́ọ̀dù padà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ṣẹlẹ̀, mo wo àkọsílẹ̀ àwọn tó ń wọlé. Hakeem wọlé ní ọjọ́ méjìlá sẹ́yìn. Àwọn ọlọ́pàá mú un lánàá. Lọ́la ni wọ́n ní àwọn máa gbé e lọ sílé ẹjọ́."

"Wọ́n ti mú un. Kí lo wá ń wá lọ́dọ̀ mi?"

Ó gba fóònù rẹ̀ padà.

"Ìyá Hakeem wá sílé ìgbẹ̀bí lánàá, mà. Wọn ò bú mi. Wọ́n kàn jókòó, wọ́n ní kí n sọ fún àwọn pé ó dá mi lójú pé ọmọ àwọn ló ṣe é. Mi ò lè sọ ọ́."

Mo mú báàgì mi, a jáde.

*

Ilé ìwòsàn tí ọmọ náà wà kò jìnnà sí Lakowe. Wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ iná aláwọ̀ aró kan, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó lójú. Àyúbà lorúkọ rẹ̀. Bàṣírát ìyá rẹ̀ jókòó tì í, ó gbé ọwọ́ lé ẹsẹ̀ ọmọ náà. Bírikìlà ni ọkọ rẹ̀, láti Ìsẹ́yìn ló ti kó wọn wá síbi ilé tí wọ́n ń kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá gọ́ọ̀fù.

Tolúwani dúró sí ẹnu ọ̀nà. Kò tíì lè wọlé.

"Kí ló mú kí o gba ojú ewé yẹn gbọ́?" ni mo béèrè.

"Mi ò kàn ṣàdédé gbà á gbọ́, Màámi." Ohùn rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí wọ́n ti bi ní ìbéèrè yìí lọ́pọ̀ ìgbà. "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí mo bí lọ́dún méjì sẹ́yìn, ojú tiẹ̀ náà pọ́n. Ojú òpó Nọ́ọ̀sì Tolúwani ni mo lọ. Ibi tí mo tẹ̀ nígbà yẹn gan-an ni mo tún tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà yẹn, wọ́n ní kí n gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Mo gbé e lọ, ara rẹ̀ yá. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní kí n má gbé e lọ. Mo rò pé àwọn dókítà ti rí ọgbọ́n tuntun ni."

"Ibi kan náà? Ó dá ọ lójú?"

"Lábẹ́ àwòrán ọmọ tó ń sùn. Ó dá mi lójú."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo jáde, Tolúwani ti kọjú sí ògiri.

*

Ọmọ iṣẹ́ mi rí ni Shamsudeen, tó ń mójú tó ẹjọ́ náà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ó pèsè àga fún mi kó tó sọ èrò ọkàn rẹ̀.

"Màdáàmù, ẹjọ́ yìí ti parí. Inú ń bí ọmọkùnrin yìí, ó ní kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́, ó sì wọlé. Kí ló tún kù?"

"Ohun tó ṣe nínú ilé ló kù. Mú un wá."

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Hakeem, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ sì ti wú nítorí àìsùn.

"Ìwọ lo wọlé sí ojú òpó Tolúwani lọ́jọ́ méjìlá sẹ́yìn?"

"Èmi ni, mà."

Shamsudeen wò mí bí ẹni pé kí n gbọ́.

"Kí lo lọ ṣe níbẹ̀?"

"Mo lọ da àwọn àpilẹ̀kọ tí mo ṣe kọ. Ilé iṣẹ́ kan ní Free Zone pè mí, wọ́n ní kí n mú àpẹẹrẹ iṣẹ́ ọwọ́ mi wá."

"O ò lè tọrọ àyè?"

"Inú Nọ́ọ̀sì ló ń bí mi, mà." Ó gbójú sókè. "Mo sọ fún wọn títí pé ká jókòó, ká yẹ gbogbo líǹkì tó ń jáde lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn wò, ká mọ ibi tí wọ́n ń gbé èèyàn lọ. Wọ́n ní obìnrin ń rọbí lọ́wọ́, èmi ń sọ̀rọ̀ líǹkì. Ohun tó fa ìjà nìyẹn."

"Ǹjẹ́ o fọwọ́ kan ojú ewé ibà pọ́njú?"

"Rárá, mà. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan ló ní àkọsílẹ̀ àwọn tó tún un ṣe. Ẹ ní kí wọ́n ṣí i fún yín. Àwọn ọlọ́pàá ò tiẹ̀ béèrè."

Shamsudeen wúkọ́. Mo dìde.

*

Ní yàrá àlejò Tolúwani la ti ṣí àkọsílẹ̀ náà. Láti oṣù kẹjọ ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ojú ewé náà. Hakeem kò purọ́.

"Àbí ó mọ bí wọ́n ṣe ń pa àkọsílẹ̀ rẹ́?" ni Tolúwani sọ, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò lágbára mọ́.

"Ó lè mọ̀ ọ́n. Ṣé o ní nǹkan àtijọ́ kankan lórí bébà, tí àdírẹ́sì àwọn dókítà náà wà lára rẹ̀? Kọ̀ǹpútà kò lè pa ti bébà rẹ́."

Ó wá inú àpótí kan títí tó fi rí ìwé pélébé kan tí wọ́n máa ń pín fún àwọn aboyún nígbà kan. Àdírẹ́sì náà wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ jáde tán pátápátá. Mo wọ awò mi, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, mo sì ń kà á ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ jù lọ nìyí. Ayédèrú kì í yí gbogbo orúkọ padà; lẹ́tà kan ló máa ń yí. Á kọ *r* àti *n* pọ̀, ojú rẹ á kà á sí *m*.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí lẹ́tà kan tó yàtọ̀.

"Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan líǹkì rẹ," ni mo wí. "Bí o ṣe kọ ọ́ náà ló wà."

"Kí ló wá dé tó fi ń gbé èèyàn lọ sídìí òróró?"

"Ká ní mo fún ọ ní àdírẹ́sì ọ̀rẹ́ mi kan ní Ṣàngótẹ̀dó, tí o débẹ̀, tí o bá àjèjì nínú yàrá. Ṣé àdírẹ́sì ló yí padà ni?"

Ó wò mí. Mo rí i nígbà tí ó yé e.

"Wọ́n ti kó jáde," ló wí jẹ́jẹ́. "Ẹlòmíràn ló ń gbébẹ̀."

Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé kan ló ni àdírẹ́sì náà. Nọ́ńbà akọ̀wé wọn, Dókítà Àyànṣọlá, wà lẹ́yìn ìwé pélébé náà. Ó ti fẹ̀yìn tì sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó gbé ìpè náà fúnra rẹ̀.

"Ojú òpó wa? Ẹ jọ̀ọ́, a ti jẹ́ kó lọ. Mẹ́ta péré ló kù nínú wa, kò sẹ́ni tó lè máa bójú tó o. Nígbà tí ọdún rẹ̀ pé nínú oṣù kìíní, a ò sanwó láti tún orúkọ àdírẹ́sì náà gbà."

"Láti oṣù kìíní, kí ni ẹni tó bá lọ síbẹ̀ máa ń rí?"

"Kò ní rí nǹkan kan. Òfìfo ni."

Mo sọ ohun tó wà níbẹ̀ báyìí fún un. "Orúkọ wa?" ló wí. "Orúkọ wa ni wọ́n fi ń sọ pé kí wọ́n má gbé ọmọ wá?"

Nígbà tí mo sọ fóònù kalẹ̀, Tolúwani ti ń wá nǹkan lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní àkọsílẹ̀ kan wà tí gbogbo ayé lè wò, tó ń sọ ọjọ́ tí ẹnì kan gba orúkọ ojú òpó. Ẹnì kan ti gba orúkọ àwọn dókítà náà ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta. Onítọ̀hún fi orúkọ ara rẹ̀ pamọ́.

"Ta ló lè mọ̀ pé ilé yẹn ti ṣófo," ni mo bi í, "tó sì tún mọ̀ pé àwọn ìyá ń gba ọ̀dọ̀ rẹ kọjá síbẹ̀?"

"Kò sí, mà. Èmi gan-an ò mọ̀. Àfi Taofeek."

Lẹ́yìn tí Hakeem lọ, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Taofeek, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ran àwọn olójú òpó lọ́wọ́ kí Google lè gbé wọn sókè, ti bá a yẹ ojú òpó rẹ̀ wò lọ́fẹ̀ẹ́ nínú oṣù kejì. Ó ní nọ́ọ̀sì ni ìyá òun náà. Ó kọ àbájáde rẹ̀ ránṣẹ́. Lábẹ́ rẹ̀ ló to àwọn líǹkì tó ti kú sí, àwọn tó ń gbé èèyàn lọ síbi tí kò sí nǹkan kan mọ́, pé kí Tolúwani yọ wọ́n. Tolúwani sì yọ wọ́n.

Mo ka àtòjọ náà. Líǹkì ibà pọ́njú kò sí lára wọn. Mo tún wo ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá: *Àpapọ̀: mẹ́tàdínlógún.*

"Tolúwani, bá mi ka ìwọ̀nyí."

Ó kà á pẹ̀lú ìka. "Mẹ́rìndínlógún."

"Tún un kà."

"Mẹ́rìndínlógún ni, mà."

"Ta ló ṣírò àpapọ̀?"

"Ẹ̀rọ ni. Ẹ̀rọ ló máa ń tò ó, tó sì máa ń..." Ó gbé ọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ̀rọ ló ka mẹ́tàdínlógún," ni mo wí. "Èèyàn ló yọ ọ̀kan."

*

Ní Ikate ni ọ́fíìsì Taofeek wà, yàrá tó mọ́ tónítóní, tó tutù. Ẹni ogójì ọdún ni, ó mọ èèyàn í bá sọ̀rọ̀. Ó fún wa ní omi. Shamsudeen tẹ̀ lé mi wọlé nínú bùbá funfun. Mo ní àbúrò mi ni, kò sì já mi nírọ́.

"Ẹ ti gbúròó Nọ́ọ̀sì Tolúwani láìpẹ́?"

"Rárá, mà. Láti oṣù kejì tí mo bá wọn ṣiṣẹ́. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí. Ó ní kí n bá òun wo ìwé tí ẹ kọ. Ẹ ní líǹkì mẹ́tàdínlógún ló ti kú, mẹ́rìndínlógún ni mo sì rí."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rọ máa ń ṣì í kà nígbà mìíràn."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ojú ewé kan ṣoṣo ló ń dà wá láàmú. Líǹkì ibẹ̀ kò gbé èèyàn lọ síbi tó yẹ mọ́. A kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀ nígbà yẹn."

"Ti ibà pọ́njú yẹn ò tíì kú nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò, mà. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa."

Shamsudeen rọra sọ ife omi rẹ̀ kalẹ̀.

"Ojú ewé méjìlélọ́gọ́rin ló wà lórí ojú òpó Tolúwani," ni mo wí. "Mi ò dárúkọ ìkankan fún yín. Ẹ sì ní ẹ ò gbúròó rẹ̀ láti oṣù kejì."

Ó ti àga rẹ̀ sẹ́yìn.

"Nǹkan kejì ni pé láti oṣù kìíní ni ojú òpó àwọn dókítà ti ṣófo. Ẹni tó ni ín ló sọ fún mi. Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú oṣù kejì?"

Ó wo Shamsudeen. Mo rò pé ìgbà yẹn ló tó rí bàtà ọlọ́pàá lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Mi ò jí nǹkan kan, mà," ló wí. "Orúkọ tó ṣófo ni. Ẹnikẹ́ni ló lè gbà á."

"Kí ló dé tó jẹ́ òun lo fẹ́?"

Ó fi ọwọ́ pa ojú rẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó dà bí ẹni tó ń ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún oníbàárà. "Google kì í gba ohun tí èèyàn sọ nípa ara rẹ̀ gbọ́. Ó ń wo àwọn tó ń tọ́ka sí i. Bí ojú òpó tó ní orúkọ rere bá tọ́ka sí ọ, ẹ̀rí ni. Ojú òpó mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló ṣì ń tọ́ka sí àwọn dókítà yẹn, ti Nọ́ọ̀sì ló dára jù nínú wọn. Oníbàárà mi kan ń ṣe òróró. Mo gbé òróró rẹ̀ sórí orúkọ yẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti wà lójú ewé kìíní."

"Ti Tolúwani sì ń lọ sílẹ̀."

"Ó jọ pé Google rí ohun tó ń tọ́ka sí, mà. Ẹni tó bá ń jẹ́rìí sí nǹkan burúkú, àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí òun náà."

"Ta ló kọ ọ́ pé kí wọ́n má gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn?"

"Oníbàárà ló fi ránṣẹ́. Mi ò kà á."

"O ò kà á?"

"Iye èèyàn tó ń wọlé ni mò ń wò, mà."

Mo ṣí fóònù mi, mo fi àwòrán Àyúbà lábẹ́ iná aláwọ̀ aró hàn án. Ó wò ó. Ó gbìyànjú láti gbé ojú kúrò, ojú rẹ̀ tún padà síbẹ̀. Nígbà tí Shamsudeen ní kó dìde, ó yọ ọ̀rọ̀ òróró yẹn kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì níwájú wa kó tó tẹ̀ lé e. Shamsudeen ti kọ́kọ́ ya àwòrán gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀rí. Èmi ni mo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

*

Wọ́n tú Hakeem sílẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀. Tolúwani náà wà níbẹ̀, ó dúró sẹ́yìn díẹ̀. Lójú ọ̀nà àgọ́ ló ti bi mí pé, "Ẹ̀bi kò wá sí lọ́rùn mi nìyẹn, mà?" Mo mọ ohun tó fẹ́ gbọ́. Mo ní, "Taofeek ló gba ilé ẹni ẹlẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìwọ lo rán Bàṣírát lọ sílé tí o ò dé láti ọdún mẹ́rin."

Tolúwani kúnlẹ̀ síwájú ìyá Hakeem, nínú erùpẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Hakeem.

"Mo ṣẹ̀ ọ́. O sọ fún mi, mi ò gbọ́."

"Ẹ dìde, mà. Mo ti gbọ́." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀. "Àárọ̀ òní ni wọ́n ń retí mi ní Free Zone."

Ó kàn sọ ọ́ ni. Tolúwani wò mí. Mo ní èmi àti Shamsudeen máa kọ̀wé síbẹ̀, pé ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ni. A kọ ọ́. Wọ́n fún un ní ọjọ́ mìíràn, ó sì rí iṣẹ́ náà.

"Mo máa yọ gbogbo líǹkì kúrò," ni Tolúwani wí. "Kí n má tọ́ka sí ẹnikẹ́ni mọ́."

"Ẹ má dán an wò," ni Hakeem dá a lóhùn, ó yára sọ ọ́ bí ẹni pé wọn ò jà rí. "Ẹni tí kì í tọ́ka sí ẹlòmíràn dà bí ẹni tó ní òun nìkan ló gbọ́n. Àwọn èèyàn ò ní gbà á gbọ́, Google náà ò ní gbà á gbọ́. Ẹ jẹ́ kó mọ níwọ̀n. Ẹ tọ́ka síbi tí ẹ mọ ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹ sọ ibi tí ẹ ń rán èèyàn lọ kó tó tẹ̀ ẹ́, ẹ má kàn kọ 'tẹ ibí yìí.' Tó bá jẹ́ ìpolówó, ẹ sọ pé ìpolówó ni. Lóṣooṣù, kí ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín rìn dé ibi tí wọ́n ń gbé èèyàn lọ."

"Ṣé wàá padà wá?"

"Rárá, mà," ni Hakeem wí. Ìyá rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n sì lọ.

*

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n dá Àyúbà sílẹ̀ nílé ìwòsàn. Ojú rẹ̀ ti mọ́. Ṣùgbọ́n dókítà sọ pé irú ibà yẹn lè ba etí jẹ́ bó bá pẹ́ lára, pé kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn tó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò. Tolúwani wọlé lọ́jọ́ yẹn. Ó sọ fún Bàṣírát láti ẹnu ara rẹ̀ pé òun lòun tọ́ka rẹ̀ síbẹ̀, pé òun kò sì yẹ ibẹ̀ wò. Bàṣírát gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ibo ni ibi tí wọ́n ní ká lọ yìí?"

Tolúwani fa bíírò yọ láti kọ àdírẹ́sì fún un. Ó gbé bíírò lé bébà, ó dúró, ó sì dé e padà.

"Mo máa tẹ̀ lé yín lọ," ló wí.

Èmi ni mo wakọ̀. Yàrá àyẹ̀wò náà dákẹ́ rọ́rọ́. Obìnrin tó ń ṣe é fi nǹkan rírọ̀ kan sí etí ọ̀tún ọmọ náà, ó wo ẹ̀rọ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Èyí dára." Ó bọ́ sí ti òsì. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó tún un ṣe.

"Ti ibí kò tíì dá mi lójú," ló wí. "Ó lè jẹ́ omi ló wà nínú rẹ̀. Kí ẹ gbé e padà wá lóṣù tó ń bọ̀."

Tolúwani ti fa fóònù rẹ̀ yọ, ó ń kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Bàṣírát gba ọmọ rẹ̀, ó fún un lọ́mú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó tẹ orí ba, ó gbé ẹnu sún mọ́ etí òsì náà, ó sì pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń jí èèyàn lójú oorun.

Àyúbà dá ọmú dúró. Ó dákẹ́ lọ, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń tẹ́tí.